Bí Ìlú Ṣe Lè Dáàbò Bo Oúnjẹ Rẹ̀, Láti Oko Títí Dé Ọjà

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ìsọ̀ jóná. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ẹrù kankan má ṣe kó oúnjẹ wá sí Gúúsù mọ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ata, alùbọ́sà àti ẹran ti gbówó lórí. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, wọ́n jókòó sọ ọ́, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kì í ṣe ọ̀dá ló dá, kì í ṣe eṣú ló bo oko. Ọ̀nà ni wọ́n dí.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún: olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, baálẹ̀, ìyálọ́jà, káńsẹ́lọ̀, àti ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin àgbàdo rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé Àbújá ni wọ́n ti ń dáàbò bo oúnjẹ orílẹ̀-èdè. Ní tèmi, abà ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí Èkó ń jẹ lónìí wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ṣakí, ní Kíṣì tàbí ní Igbó-Ọrà tó ń bẹ̀rù àtilọ sóko lọ́la. Bí ẹ̀rù yẹn ò bá kúrò lọ́kàn rẹ̀, kò sí àpérò tó máa fi iṣu sínú ìkòkò ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ya ọ̀nà oúnjẹ yín sórí ìwé

Ẹ pe èèyàn mẹ́fà tàbí méje jọ: àgbẹ̀ méjì, ẹni tó ní ẹ̀rọ gàrí, awakọ̀ kan, alájàpá kan, ọdẹ kan, àti ẹnì kan tó lè kọ̀wé. Ẹ mú oúnjẹ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ká ní gàrí ni. Níbo ni igi ẹ̀gẹ́ tí ẹ gbìn ti wá? Oko wo? Ta ló ń hú u? Ẹ̀rọ wo ló ń rin ín, epo wo ló sì ń gbé ẹ̀rọ náà? Ọkọ̀ ta ló ń kó o, afárá wo ló ń gbà kọjá, ọjà wo ló ń dé?

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì lórí ohun kọ̀ọ̀kan: bí èyí bá bàjẹ́ lọ́la, ọjọ́ mélòó la lè fara dà á? Ṣé òmíràn wà? Níbi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ “kò sí òmíràn”, ẹ fi bírò pupa yí i po. Àwọn ibi pupa wọ̀nyẹn ni owó àti agbára yín máa kọ́kọ́ lọ.

Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ìlú Mọ̀kwá ní ìpínlẹ̀ Niger ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ láti Òkè Ọya bọ̀ ní Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn ń gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, àgbàrá wó afárá kan lójú ọ̀nà Mọ̀kwá sí Jẹ́bbà, ọkọ̀ ẹrù ò sì rí ibẹ̀ gbà mọ́. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, omíyalé tún ya bo ìlú Mọ̀kwá fúnra rẹ̀, ó pa èèyàn tó lé ní 150. Ibì kan náà ni, ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́jọ. Ẹni tó bá ti ya ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ sórí ìwé yóò ti fi pupa yí Mọ̀kwá po tipẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ lè lọ sóko kó sì bọ̀

Ibí ni mo fẹ́ ká ti pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni ẹ̀mí wà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n pa àwọn àgbẹ̀ tó lé ní 40 lórí oko ìrẹsì ní Zabarmari, lẹ́bàá Máídúgùrí, níbi tí wọ́n ti ń kórè. Àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá náà mọ ohun tí ajínigbé ń ṣe. Nígbà tí ẹ̀rù bá dé, oko etílé nìkan ni èèyàn máa ń dá. Ilẹ̀ etílé ti ṣá, oko egàn tó lọ́ràá sì ti di igbó padà. Báyìí ni oúnjẹ ṣe ń dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jó àká.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ dá àáró padà. Àwọn baba wa kì í dá nìkan ro oko tó jìnnà. Èèyàn mẹ́wàá á ro oko lágbájá lónìí, wọ́n á ro oko tàmẹ̀dò lọ́la. Iṣẹ́ yá, ojú sì pọ̀. Ẹ pín ara yín sí àáró nípa ọ̀nà oko: gbogbo ẹni tó ń gba ọ̀nà odò kan náà kọjá ni kí wọ́n jọ máa lọ, kí wọ́n jọ máa bọ̀. Ẹ máa yí àkókò àti ọ̀nà padà. Ẹni tó bá ń kọjá lábẹ́ igi kan náà ní aago mẹ́fà àbọ̀ lójoojúmọ́ ti fi ara rẹ̀ hàn fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ẹ fi ìwé kan sí ilé tó kẹ́yìn kí èèyàn tó wọ igbó. Ẹni tó bá ń lọ á kọ orúkọ rẹ̀, oko tó ń lọ, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ìgbà tó máa dé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí ẹnì kan ò tíì fọwọ́ sí i pé òun ti dé, ẹni tó ń tọ́jú ìwé á pe fóònù rẹ̀, á pe ilé rẹ̀, á sì pe olórí ọdẹ. Ẹ fẹnu kò lórí ìlànà yẹn kó tó di pé ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Kí àríyànjiyàn má ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé lóru lórí ẹni tó yẹ kó pe ta.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í sí nínú oko púpọ̀. Ẹ rìn yíká, ẹ wá orí òkè tàbí ìdí igi tí fóònù ti ń mú, kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ra fèrè, irú èyí tí olùdarí bọ́ọ̀lù ń fọn. Ìfọn kan: ẹ máa bọ̀ níbí. Ìfọn mẹ́ta tẹ̀léra: ẹ sá lọ síbi tí a ti fi àdéhùn sí. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì nílò iná.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọdé àti obìnrin tó ń lọ ṣẹ́gi ní àmì tó yẹ kó dẹ́rù bà wọ́n: eérú iná níbi tí ẹnikẹ́ni ò dáko, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó pọ̀ nínú igbó, ipa ọ̀kadà tó wọ ibi tí ọ̀nà kò sí, àjèjì tó ń béèrè ìgbà tí olóko máa ń dé. Ẹni tó bá rí i kò gbọ́dọ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Kó yí padà pẹ̀lẹ́, kó lọ sọ.

Àwọn alágbàṣe nìkejì. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti Benin, Tógò, tàbí láti Benue, iṣẹ́ wọn ló sì ń gbé oko wa ró. Ẹ kọ orúkọ wọn, ìlú wọn àti ẹni tó mú wọn wá. Ẹ ya fọ́tò wọn. Àmọ́ ẹ san owó wọn bó ṣe yẹ, lásìkò. Mo ń sọ èyí tọkàntọkàn: ẹni tí a rẹ́ jẹ lọ́dún méjì kò ní ìdí kankan láti pa àṣírí oko wa mọ́. Ẹ má sì san owó púpọ̀ nínú igbó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí báǹkì wọn, tàbí kí ẹ san án nílé.

Ní ti ọlọ́dẹ àti Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn gómìnà Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn fi lọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìíní ọdún 2020, ẹ má dúró dìgbà ìṣòro. Ẹ lọ kí ọ̀gá wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ẹ fún un ní àwòrán ọ̀nà oko tí ẹ yà, ẹ mú un rìn án lẹ́ẹ̀kan. Síífù Dìfẹ́ǹsì náà ní ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ fún oko, Agro Rangers. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lórúkọ ẹgbẹ́. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè ni 112. Ẹ má kó ìbọn fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò sí lábẹ́ òfin kankan. Ìlú tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ewu kan ra òmíràn.

Bí ẹran bá jẹ oko

Ó yẹ kí èyí dá dúró, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Darandaran tó ti bá wa gbé láti ìgbà bàbá wọn yàtọ̀ sí ọ̀daràn tó gbé ìbọn wọ igbó, ẹni tó bá pa àwọn méjèèjì pọ̀ ń pàdánù ẹlẹ́rìí tó mọ igbó jù lọ. Ẹ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀: àgbẹ̀ mẹ́ta, Fúlàní mẹ́ta pẹ̀lú Séríkí wọn, kí baálẹ̀ ṣe alága. Ẹ fẹnu kò lórí ibi tí màlúù á gbà lọ sódò àti oṣù tí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ oko.

Lọ́jọ́ tí ẹran bá jẹ oko, kí olóko ya fọ́tò lójú ẹsẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ wọn ibi tó bàjẹ́, kó pe ẹlẹ́rìí méjì, kó sì kọ déètì. Kí ìgbìmọ̀ jókòó láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ má pa màlúù, ẹ má jó gáà. Òfin wà: Ọ̀yọ́ ṣe òfin lórí fífi ẹran jẹko káàkiri ní 2019, Ondó ṣe tirẹ̀ ní 2021. Fọ́tò àti déètì ló ń jẹ́ kí òfin lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tí wọ́n jẹ oko rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ máa ṣọ́ ọ̀tá tí kò gbé ìbọn

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm kò sí nílẹ̀ Áfíríkà tẹ́lẹ̀. Nàìjíríà, Benin àti Tógò wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 2016, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó ti dé ibi púpọ̀ jù lọ lórí ilẹ̀ náà. Lọ́dún 2016 yẹn kan náà, kòkòrò míràn, Tuta absoluta, jẹ oko tòmátò run ní Kàdúná débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde pàjáwìrì, agbọ̀n tòmátò sì di ọ̀wọ́n gógó ní Èkó.

Bí ẹ bá gbin àgbàdo, ẹ máa wọ oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ìgbà tó bá ti hù. Àárọ̀ kùtù ló dáa. Ẹ wo inú ewé tó ká ní àárín: ìgbẹ́ kòkòrò tó dà bí ìyẹ̀fun igi gbígbẹ́ ni àmì rẹ̀. Kòkòrò náà ní àmì kan níwájú orí tó dà bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò, ó sì ní àmì dúdú mẹ́rin nídìí. Bó bá ṣì kéré, ẹ fọwọ́ pa á, tàbí kí ẹ bu eérú tàbí yanrìn sínú ewé tó ká. Bó bá ti pọ̀, ẹ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba kí ẹ tó ra oògùn, kí ẹ má baà ra èyí tí kò mú un.

Ẹran ọ̀sìn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kì í fúnni láyè. Ní oṣù kejì ọdún 2006, Jàjí ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn adìyẹ H5N1 ní gbogbo Áfíríkà. Ní 2020, ibà ẹlẹ́dẹ̀ wọ Òkè-Àró, níbi tí àwọn ẹlẹ́ran Èkó àti Ògùn pọ̀ sí, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di onígbèsè. Kò sí oògùn fún ibà yẹn. Ìdènà nìkan ló wà:

Ẹ gbé agbada omi Izal sẹ́nu ọ̀nà ọgbà, kí ẹnikẹ́ni má wọlé láìtẹ̀ ẹ́. Alágbàtà ẹran kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọgbà. Ẹ kó ẹran jáde bá a. Bí ẹ bá ń fi àjẹkù ilé oúnjẹ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ sè é kó hó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹran tuntun gbọ́dọ̀ dá gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán. Fún adìyẹ, ẹ má fi abẹ́rẹ́ àjẹsára lúkúlúkú falẹ̀. Bí ẹran bá ń kú lójijì, ẹ má tà á, ẹ má pín in fún aládùúgbò, ẹ má jù ú sódò. Ẹ ti ọgbà pa, ẹ pe dókítà ẹran ìjọba lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó sáré ta èyí tó kù kó lè rí owó díẹ̀ padà. Owó yẹn ló ń gbé àrùn dé ọgbà mẹ́wàá míràn.

A ti ṣẹ́gun irú ọ̀tá yìí rí, ó sì yẹ kí inú wa máa dùn sí i. Ní àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé-ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, tí Hans Herren ṣáájú wọn, lọ wá agbọ́n tíńtín kan láti Paraguay tó ń jẹ ẹ́, wọ́n sì tú u sílẹ̀ láti 1981. Agbọ́n náà ṣe iṣẹ́ tí oògùn ò lè ṣe. Ní 1995, Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize. Ìdí nìyí tí owó ilé-ìwádìí fi jẹ́ owó ààbò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tọ́jú èyí tó ti wọlé

Oúnjẹ tó bàjẹ́ nínú àká kò yàtọ̀ sí èyí tí olè kó.

Gbígbẹ ló ṣáájú. Ẹ sá àgbàdo àti ẹ̀wà lórí tapólì, ẹ má sá a sí etí ọ̀dà títì. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò gíláàsì tó gbẹ, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo lé e, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ dá a padà sóòrùn.

Lẹ́yìn náà ni àpò PICS. Ọ̀rá nínípọn méjì ló wà nínú rẹ̀, sáàkì sì bò wọ́n. Ẹ kún ọ̀rá inú, ẹ fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ lọ́ ọ, ẹ so ó. Ẹ so ọ̀rá kejì, lẹ́yìn náà sáàkì. Kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà á mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, á sì kú. Ẹ gbé e sórí pákó, kó má kan ilẹ̀ tàbí ògiri, kí èkúté má baà lu ú. Ẹ má ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán.

Ẹ má fi oògùn apakòkòrò bíi Sniper tàbí ọ̀tápíápíá sí ẹ̀wà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀wà wa ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin dè ní 2015 nítorí oògùn yìí, NAFDAC náà sì fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019. Ọmọ wa ló ń jẹ èyí tí Yúróòpù kọ̀.

Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti bu náà ní májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Fífọ̀ ò lè yọ ọ́, sísè ò lè pa á. Ẹ ṣà á kúrò, ẹ má fi bọ́ adìyẹ. Ẹni tó ń gbìn láti tà fún iléeṣẹ́ lè lo Aflasafe, ohun tí wọ́n ń fọ́n sóko kí májèlé yìí má baà wọ àgbàdo: kìlógíráàmù mẹ́wàá fún héktà kan, tí ẹ máa fọ́n sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó.

Ẹ má kó gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ sí ilé kan. Ẹ pín in sí ibi mẹ́ta tó jìnnà síra, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ èèyàn méjì, kí ìwé ohun tó wọlé àti ohun tó jáde wà fún gbogbo ẹgbẹ́ láti wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí torí wọ́n gbọ́ pé oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà wà níbẹ̀ tí a kò pín. Ìfipamọ́ ló fa ìbínú yẹn. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ ń dáàbò bo àká ju géètì onírin lọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Irúgbìn àti ohun èlò

Kí agboolé kọ̀ọ̀kan ya ìdá kan sọ́tọ̀ fún irúgbìn kó tó ta nǹkan kan, kí ẹgbẹ́ sì ní oko igi ẹ̀gẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò ní hú jẹ. Ẹ má gé igi láti inú oko tí ewé rẹ̀ ti ní àbàwọ́n tó sì ti ká kọ́rọkọ̀rọ. Àjọ NACGRAB wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, iṣẹ́ wọn ni títọ́jú irúgbìn orílẹ̀-èdè. Tí irúgbìn àtijọ́ kan bá kù sọ́wọ́ àgbà kan ní ìlú yín, ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Ajílẹ̀ ayédèrú pọ̀. Ẹ rà á lórúkọ ẹgbẹ́, lọ́wọ́ ẹni tó ní ìsọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá fi fóònù ránṣẹ́ pé ìjọba ń pín owó àgbẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà báǹkì àti nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́, olè ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀nà àti ọjà

Ẹ padà sídìí ìwé tí ẹ yà. Fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi pupa yí po, ẹ wá ọ̀nà kejì, bó tiẹ̀ jìn, kí awakọ̀ kan gbà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta kó lè mọ ibi tí kòtò wà. Ẹ ní awakọ̀ méjì ó kéré tán, kí wọ́n má jẹ́ ará ilé kan náà.

Nínú ọjà, ìyálọ́jà àti olórí àwọn oníṣòwò láti ẹ̀yà míràn gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ara wọn, kí wọ́n sì máa jókòó pọ̀ lóṣooṣù nígbà tí ìjà kò sí. Bí ìjà èèyàn méjì bá ṣẹlẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ dé ibẹ̀ kó tó di wákàtí kan, kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo ọjà. Ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má gbé fídíò ìjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn àgbà tó dá sí i. Ẹ fi omi àti yanrìn sí ìkángun ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan nítorí iná, kí ọ̀nà tó wà láàárín ìsọ̀ fẹ̀ tó kí ọkọ̀ panápaná lè kọjá.

Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba

Ní oṣù keje ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pàjáwìrì lórí oúnjẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn máa tú 42,000 tọ́ọ̀nù ọkà sílẹ̀ láti inú àká orílẹ̀-èdè. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ béèrè ìbéèrè tó ní ìdáhùn: àká ìjọba wo ló sún mọ́ wa jù? Kí ló wà nínú rẹ̀ lónìí? Ta ló lè pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí i, ọjọ́ mélòó ló sì máa gbà kí àpò kan tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ìjọba ìbílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí wọ́n máa tún afárá tí ẹ fi pupa yí po ṣe. Ẹ mú àwòrán yín dání lọ. Ó ṣòro fún ọlọ́lá láti fọwọ́ rọ́ ẹni tó mú ìwé wá sẹ́yìn.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́

Lọ́jọ́ kìíní, ẹ ka èèyàn kí ẹ tó ka ẹrù. Ta ni kò tíì dé? Ta ló fara pa? Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá ọlọ́pàá àti oníròyìn sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n jí èèyàn gbé, kí orúkọ àti ohun ìní ìdílé rẹ̀ má jáde lórí WhatsApp.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣí ìwé àká, kí ẹ ka ọjọ́ tí oúnjẹ tó wà nílẹ̀ máa gbé ìlú dé. Kí ìyálọ́jà kéde iye yẹn fúnra rẹ̀, torí ìbẹ̀rù ló ń mú kí èèyàn ra àpò mẹ́wàá nígbà tí méjì tó o. Ẹ kọ́kọ́ ya ti aboyún, arúgbó àti ilé tí olóko wọn fara pa sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, kí àáró padà sí oko tí wọ́n kọlù, pẹ̀lú ọdẹ. Bí oko náà bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹni tó kọlù ú ti gbà á nìyẹn.

Ìpàdé àkọ́kọ́ yín kò gbọ́dọ̀ ju òpin ọ̀sẹ̀ yìí lọ. Ẹ mú ìwé àjákọ méjì dání, bírò pupa kan, fèrè mẹ́wàá, àti nọ́ńbà fóònù olórí ọdẹ.